Sí Àjàní, tó fẹ́ máa ròyìn bọ́ọ̀lù

Ògbómọ̀ṣọ́

Àjàní ọmọ mi,

Iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù tó o ní o fẹ́ ṣe, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n rédíò ni kó o kọ́kọ́ kọ́, torí ẹni tó ń gbọ́ rédíò kò rí pápá rárá. Ojú rẹ ló fi ń wò ó.

Bí rẹfirí bá ti fọn fèrè, sọ ẹgbẹ́ tó ń gbá lọ sápá ọ̀tún àti èyí tó ń gbá lọ sápá òsì. Tí wọ́n bá pààrọ̀ ojúlé lẹ́yìn ìsinmi, tún un sọ. Ibi tí bọ́ọ̀lù wà ni kó máa ṣáájú, kí orúkọ ẹni tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tẹ̀lé e. "Ó gbá a, ó tún gbá a" kì í ṣe ìròyìn: ta ló gbá a, láti ibo? Ìlà tí gbogbo wa ń pè ní "eighteen" fi mítà 16.5 jìnnà sí ìlà góòlù, ojú pẹ́náritì sì jẹ́ mítà 11. Fi méjèèjì kọ́ ojú rẹ, kó o má baà pe mítà 20 ní 40. Máa sọ iye ayò ní ìṣẹ́jú méjì-méjì, torí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ mọ́tò ní Tákié níbí ni, kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀.

Orúkọ ló ń dá ọ̀pọ̀ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ dúró. Nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ kò ṣeé gbára lé ní èdè tiwa: kó o tó pe "mẹ́tàdínlógún" tán, bọ́ọ̀lù ti dé ẹsẹ̀ ẹlòmíì. Dé pápá ní wákàtí méjì ṣáájú, gba ìwé orúkọ, kó o lọ bá máníjà ẹgbẹ́ àlejò pé kó pe orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ sí ọ létí. Fi àmì ohùn sí i lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà, ya pápá sínú ìwé, kọ orúkọ kálukú síbi tó ń gbá, ẹgbẹ́ kan pẹ̀lú báírò pupa, èkejì pẹ̀lú búlúù.

Ìnagijẹ dára tó bá ní ìdí. Òfin ni Adokie Amiesimaka, agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà ìgbà kan, ń kà nígbà tí olóògbé Ernest Okonkwo, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí rédíò, ń pè é ní "Chief Justice", ìyẹn Adájọ́ Àgbà.

Ẹ̀gbẹ́ ẹnu ni kí máìkì wà, ìwọ̀n ìka mẹ́rin. Tó bá dojú kọ ẹnu gan-an, gbogbo ìgbà tó o bá pe "bọ́ọ̀lù" ni èémí rẹ á lù ú gbì. Kó o tó pariwo góòlù, fa orí sẹ́yìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ohùn á fọ́ mọ́ olùgbọ́ létí. Kó o sì tó pariwo náà rárá, wo àsíá línísímáànù.

Ní ti tẹlifíṣọ̀n, má sọ ohun tí wọ́n ń rí. Ìdí tí rẹfirí fi yọ káàdì ni kó o sọ, tàbí ẹni tó ń na ara lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá láti wọlé. Jẹ́ kí ariwo èrò náà sọ tiẹ̀.

Owó tí kóòṣì bá fẹ́ fún ọ kó o lè máa yin ọmọ rẹ̀, Àjàní, má gbà á láéláé.

Ní Sátidé, lọ sí pápá kan níbẹ̀ ní Ọ̀yọ́, gba ohùn ara rẹ sórí fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó o fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ lórí WhatsApp. Màá máa dá ohùn náà dúró níbi tó bá wù mí, màá sì bi ìyá rẹ léèrè ibi tí bọ́ọ̀lù wà àti iye ayò. Ibi tí kò bá ti lè dáhùn, ibẹ̀ ni wàá tún ṣe.

Bàbá rẹ