Lẹ́tà sí Mọ́mì l'Abẹ́òkúta

Mọ́mì mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìtọ́jú Dádì, ẹ kú àìsùn. Mo gbọ́ fóìsì nóòtù tẹ́ẹ fi ránṣẹ́, mo gbọ́ ọ títí dé ibi tẹ́ẹ ti dákẹ́ tẹ́ẹ wá béèrè pé kí lẹ ṣe fún Ọlọ́run tí stroke Dádì yìí fi dé bá yín lọ́jọ́ alẹ́. Mi ò lè fẹnu dáhùn, ẹkún ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ parí, ìyẹn ni mo ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́, kí àbúrò mi kà á fún yín, kó rọra kà á.

Ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, torí mo gbọ́ pé àwọn kan ń wá sílé wá sọ pé ẹ lọ wádìí, pé iṣẹ́ ayé ni, àwọn mí-ìn ní ẹ̀ṣẹ̀ ni, kẹ́ẹ jẹ́wọ́. Mọ́mì, irú wọn lọ bá Jóòbù náà. Ọjọ́ méje tí wọ́n fi jókòó tì í nílẹ̀ láìsọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ rere tí wọ́n ṣe, ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́. Ẹ ṣí Jóòbù 42 ẹsẹ 7, àwọn tí wọ́n ń gbèjà Ọlọ́run yẹn gan-an ni Ọlọ́run bínú sí, Ó ní wọn ò sọ ohun tó tọ́ nípa Òun bíi ti Jóòbù, Jóòbù tó ti fi ọjọ́ ìbí ara ẹ̀ bú o, tó ti bá Ọlọ́run jiyàn. Torí náà tí ẹkún bá ń gbọ̀n yín, ẹ sun ún sí I létí. Orin Dáfídì 88, òkùnkùn ló fi parí, kò sí halelúyà kankan nídìí ẹ̀, àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ ṣì ń pe Ọlọ́run ní Ọlọ́run ìgbàlà òun láti ẹsẹ àkọ́kọ́. Ìgbàgbọ́ nìyẹn náà.

Ẹnì kan tó wà lọ́kàn mi látìgbà tí Dádì ti ní stroke ni ìyá Àjàyí Crowther. Ẹ mọ̀ pé ibi tí mò ń gbé ní England níbí ò jìnnà sí Canterbury, kàtídírà ńlá ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní Sunday school, ti Àjàyí la máa ń gbọ́, a kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró ti ìyá ẹ̀, Afala ló ń jẹ́. Ní 1821 tí wọ́n kógun ja Òṣogùn, wọ́n kó o, wọ́n kó Àjàyí àti àwọn ọmọ ẹ̀ obìnrin méjì, ọ̀kan ṣì wà lọ́mú, nígbà tó yá wọ́n pín wọn yà. Wọ́n ta Àjàyí láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n tiẹ̀ fi í pààrọ̀ ẹṣin rí, títí tó fi dé Èkó tí wọ́n fi kó sọ́kọ̀ àwọn Potogí ní April 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gbà wọ́n sílẹ̀ tó kó wọn lọ sí Freetown. Ìyá ò mọ ìkankan nínú ẹ̀. Kò sí lẹ́tà, kò sí fóònù, òun náà sì wà lábẹ́ ìyà ẹrú nílẹ̀ Yorùbá. Ọdún 25 Mọ́mì! August 1846 ló tó fojú kan ọmọ ẹ̀, Abẹ́òkúta wa yìí náà ni. Àjàyí fúnra ẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn di ara àwọn mú, ọ̀rọ̀ ò jáde, omi ń dà lójú ìyá òun, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń fi orúkọ tí ìyá àgbà máa ń pe òun pè é. Ní 1848 ìyá náà ṣèrìbọmi, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah.

Mi ò sọ pé Ọlọ́run ló rán àwọn tó kó wọn lẹ́rú o, mi ò lè gbà bẹ́ẹ̀ láéláé. Àjàyí sọ pé ọjọ́ tí wọ́n kó òun yẹn jẹ́ ọjọ́ ibi, ó tún jẹ́ ọjọ́ ìbùkún fún òun, àmọ́ òun tó jẹ ìyà ẹ̀ ló lẹ́nu láti sọ ọ́. Ìyẹn ni mi ò ṣe ní sọ fún yín pé torí báyìí báyìí ni Dádì ṣe dùbúlẹ̀. Ohun tí mo rí lára Afala ni pé ní gbogbo ọdún yẹn kò tíì mọ Jésù, síbẹ̀ Jésù mọ̀ ọ́n, ibi tójú ẹ̀ ò tó ni Ọlọ́run ti ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó wá ròyìn fún un. Ẹ̀yin náà, ẹ ò tíì rí ìròyìn gbà. Kò túmọ̀ sí pé Ó ti lọ.

Èmi náà ní tèmi. Bàbá oníbàbá ni mò ń wẹ̀ lálaalẹ́ níbí, mò ń yí wọn padà, mò ń fún wọn lóúnjẹ, bàbá tèmi sì wà nílé tí mi ò lè fọwọ́ kàn wọ́n. Nígbà kan ó máa ń dùn mí débi pé mi ò kì í lè gbàdúrà tí mo bá dé ilé. Ní báyìí orí iṣẹ́ níbẹ̀ ni mo ti ń gbà á, tí mo bá ń nu ẹsẹ̀ bàbá kan, màá ní Olúwa, bí mo ṣe ń ṣe ti ẹni ẹlẹ́ni yìí, ẹ bá mi dúró ti tèmi l'Abẹ́òkúta. Ohun tó ń gbé mi dúró nìyẹn, kì í ṣe owó. Ẹ̀gún tó wà lára Pọ́ọ̀lù, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n mú un kúrò, oore-ọ̀fẹ́ ló gbà dípò. Mo ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwòsàn Dádì o, mi ò ní dákẹ́, àmọ́ ti oore-ọ̀fẹ́ tòní mo ti ń gbà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yí Dádì padà ní wákàtí méjì méjì kí egbò má lọ yọ sí wọn nídìí. Kí wọ́n jókòó dáadáa kẹ́ẹ tó fún wọn lóúnjẹ, kẹ́ẹ sì jẹ́ kí wọ́n jókòó fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa apá tí ò lágbára yẹn gbé wọn dìde. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ojoojúmọ́ ni, ẹni tó bá ní ẹ fi sílẹ̀ torí ìgbàgbọ́, ẹ má dá a lóhùn, Ọlọ́run tí mo mọ̀ ò bá oògùn jà. Ẹ̀yin náà ẹ lọ yẹ ti ara yín wò.

Mo ti fi owó fisió tó ń bá Dádì na ọwọ́ nasẹ̀ fún oṣù yìí sí àkáǹtì àbúrò mi, èyí tó kù kẹ́ẹ fi ra fóòmù tó le díẹ̀. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń wá bá yín fọṣọ. Lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ìsìn màá pè, ẹ fi fóònù sí Dádì létí, bí wọn ò tiẹ̀ lè dáhùn, mo fẹ́ sọ̀rọ̀.

Èmi ọmọ yín obìnrin.