Ẹ Yẹ Ìwé Àṣẹ àti Owó Ọwọ́ Wò Kí Ẹ Tó Ra Ṣíà Yuréníọ̀mù

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba ní orílẹ̀-èdè Niger lóṣù Keje ọdún 2023, ọ̀rọ̀ yuréníọ̀mù, kùsà tí wọ́n fi ń dá iná núkílíà, ò kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn wa tó ń ra ṣíà ilẹ̀ òkèèrè ní Àbújá àti Kàdúná. Ohun tí àwọn tó ń polówó rẹ̀ ń sọ ò ju kan lọ: kùsà pọ̀ nínú ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà, òṣèlú ló mú kí ṣíà rẹ̀ dọ̀pọ̀, ẹni tó bá tètè rà á ni yóò jẹ èrè bí ìjà bá tán. Wọn kì í sọ pé ẹni tó bá ra irú ṣíà bẹ́ẹ̀ ti ra ẹjọ́ pọ̀ mọ́ kùsà. Ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣáájú iye kùsà: ọwọ́ ta ni ìwé àṣẹ wà lónìí, àti oṣù mélòó ni owó ọwọ́ ilé-iṣẹ́ náà lè gbé e dé.

Ẹ wo Imouraren, ní agbègbè Agadez, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí yuréníọ̀mù pọ̀ sí jù lágbàáyé. Ọdún 2009 ni Niger fún ilé-iṣẹ́ Faransé tó ń jẹ́ Orano lónìí láṣẹ láti wà á. Lẹ́yìn ìjàǹbá ilé-iṣẹ́ iná núkílíà Fukushima ní Japan lọ́dún 2011, owó yuréníọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, wọ́n sì pa iṣẹ́ náà tì. Nígbà tó di oṣù Kẹfà ọdún 2024, ìjọba Niger gba ìwé àṣẹ padà, wọ́n ní gbèdéke tí àwọn fún Orano láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ti kọjá. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n gba ilẹ̀ yuréníọ̀mù Madaouela lọ́wọ́ GoviEx, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń ta ṣíà rẹ̀ ní Kánádà nígbà náà.

Ibí yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ sí. Dọ́là bíi 136 ni wọ́n ń ta póùn yuréníọ̀mù kan lọ́dún 2007. Nígbà tí ọdún 2016 fi máa parí, ó ti wá sí bíi 18, kó tó tún kọjá 100 ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Nígbà tí ọjà bá kú bíi ti ọdún 2016, kò sí báǹkì tí yóò yá èèyàn lówó láti gbẹ́ ihò. Bẹ́ẹ̀, òfin ìwakùsà ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló sọ pé ẹni tó bá gba ilẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ lè pàdánù rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ilé-iṣẹ́ ń dúró de ọjà, gbèdéke ń sún mọ́lé. Ìjọba tó bá ti ń bínú tẹ́lẹ̀ kò nílò ju gbólóhùn òfin yẹn lọ. Ẹni tó wo kùsà nìkan kò ní í rí i pé ewu náà ti wà nínú ìwé tipẹ́.

Ti SOMAÏR, ilé-iṣẹ́ yuréníọ̀mù mìíràn ní Niger, yàtọ̀ díẹ̀, torí wọ́n ti ń wa kùsà níbẹ̀ ní tiẹ̀. Orano ló ni ìdá 63.4 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ tẹ́lẹ̀, Niger sì ni 36.6. Lóṣù Kejìlá ọdún 2024, Orano kéde pé agbára ìdarí ibẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ òun. Lóṣù Kẹfà ọdún 2025, Niger ní ibẹ̀ ti di ti ìjọba. Ìyẹ̀fùn yuréníọ̀mù tí wọ́n bá ti sẹ́ tán, inú dúrọ́ọ̀mù irin oní-líta 200 ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè wọn nǹkan bíi 400 kìlógíráàmù. Èbúté Kùtọ̀nú ni wọ́n ń gbé e gbà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà ìfipágbàjọba ni bọ́ọ̀dà Niger àti Benin ti di wàhálà. Lóṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìgbìmọ̀ onílàjà ICSID, tó ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín ìjọba àti olùdókòwò ilẹ̀ òkèèrè, tún pàṣẹ pé kí Niger má ta èyí tó wà nílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń sọ ìyẹ̀fùn náà di gáàsì kò pọ̀ láyé, ó sì ṣòro kí wọ́n gba dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń jà sí ẹni tó ni ín. Ọjà wà nílẹ̀, owó ò wọlé.

Àwọn kan á ní ẹjọ́ náà kúkú máa dá owó padà. A mọ̀ nípa irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ níbí. Ilé-iṣẹ́ P&ID gba ìdájọ́ 6.6 bílíọ̀nù dọ́là lé Nàìjíríà lórí lọ́dún 2017, èlé sọ ọ́ di ohun tó ju bílíọ̀nù 11 lọ, síbẹ̀ ilé-ẹjọ́ London wọ́gi lé e lóṣù Kẹwàá ọdún 2023 nítorí jìbìtì. Crystallex ti Kánádà pàdánù wúrà rẹ̀ ní Venezuela. Ọdún 2011 ló gbé ẹjọ́ lọ, ọdún 2016 ló jàre, wọ́n ní kí Venezuela san 1.2 bílíọ̀nù dọ́là. Láti ìgbà yẹn ló ti ń sáré lé dúkìá Venezuela ní kóòtù Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ náà ti wọ gbèsè kí ìdájọ́ tó jáde, àwọn tó jẹ lówó ló sì wà níwájú àwọn tó ra ṣíà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní mílíọ̀nù 12 dọ́là lọ́wọ́, tó ń ná mílíọ̀nù 3 láàárín oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọdún kan lowó yẹn lè gbé e. Bí ẹjọ́ bá gba ọdún mẹ́rin, yóò tẹ ṣíà tuntun tà ni. Bí ṣíà 100 mílíọ̀nù bá di 300 mílíọ̀nù, ìpín tìrẹ ti dín sí ìdá mẹ́ta ohun tó jẹ́, o kò sì ta ẹyọ kan. Bí wọ́n bá yá owó ẹjọ́ lọ́wọ́ àwọn tó fi ìyẹn ṣòwò, àwọn yẹn ló ń kọ́kọ́ bu tiwọn.

Kò sí owó tí wọ́n ń gbà kí èèyàn tó yẹ nǹkan wọ̀nyí wò. Fún ilé-iṣẹ́ tó ń ta ṣíà rẹ̀ ní Toronto, ẹ lọ sí SEDAR+, ìkànnì tí ilé-iṣẹ́ Kánádà ń kó ìwé wọn sí, kí ẹ wá ìròyìn NI 43-101 rẹ̀, ìyẹn ìròyìn àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ kùsà náà, kí ẹ sì ṣí orí 4. Ibẹ̀ ni àlàyé ìwé àṣẹ wà: irú rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí, àti ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe kó má baà bọ́. Ẹ wo déètì ìròyìn náà pẹ̀lú, torí wọ́n lè ti gba ilẹ̀ náà lẹ́yìn tí wọ́n kọ ọ́. Fún ti Ọsirélíà, Appendix 5B, ìwé ìṣirò owó tó wọlé àti èyí tó jáde, ni kí ẹ wá. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta ni àwọn tó ń wá kùsà ń gbé e jáde. Ìpín 8 níbẹ̀ ló ń sọ iye ìgbà oṣù mẹ́ta tí owó ọwọ́ wọn lè tó ná. Bí kò bá pé méjì, ẹ rọra.

Ti Nàìjíríà níbí náà ń béèrè àkíyèsí. Àwọn onímọ̀ ti rí yuréníọ̀mù ní Mika ní Taraba àti ní Michika ní Adamawa, torí náà ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ ibẹ̀ gbé ìwé wá. Ìwé àṣẹ ìwádìí lábẹ́ òfin ìwakùsà ọdún 2007 jẹ́ ọdún mẹ́ta, wọ́n lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì fún ọdún méjì-méjì, kò sì fún èèyàn láṣẹ láti wà á tà. Ohun tó ní ìtànṣán olóró nínú tún kan NNRA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Lóṣù Kọkànlá ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìwé àṣẹ 1,633 nítorí owó ọdọọdún tí wọn ò san. Ní Zamfara, ìjọba fi òfin de ìwakùsà lọ́dún 2021, wọn kò sì gbé e kúrò títí di oṣù Kejìlá ọdún 2024. Ìwé àṣẹ ẹlòmíì ṣì dára, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ wa ilẹ̀. Ó dà bíi kéèyàn ra ilé ní Lugbe tí Development Control ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí pé àwọn máa wó. Ẹ lọ sí Mining Cadastre Office, àwọn tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà, níbí ní Àbújá, kí ẹ fi nọ́ńbà ìwé náà béèrè. Bí alágbàtà bá sì ní kí ẹ fowó ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun, ẹ kọ́kọ́ wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé SEC, àjọ tó ń mójú tó ọjà ṣíà.

Lójú tèmi, ẹni tó bá fẹ́ràn yuréníọ̀mù lè ra ṣíà àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá bíi Cameco tàbí Kazatomprom, tàbí Sprott Physical Uranium Trust tó ń ra kùsà náà fúnra rẹ̀ pa mọ́. Wọ́n máa ń lọ sókè sódò pẹ̀lú ọjà, àmọ́ ìjọba kan ṣoṣo kò lè fi lẹ́tà kan pa gbogbo wọn. Owó tí ẹ máa fi san owó ilé-ìwé lọ́dún tó ń bọ̀ kò gbọ́dọ̀ dé ìdí ilé-iṣẹ́ tó wà ní kóòtù.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú: nígbà tí ìròyìn bá jáde pé ilé-iṣẹ́ kan rí yuréníọ̀mù, tàbí pé ó ń bá ìjọba ṣẹjọ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀, ọjọ́ tó máa parí àti iye owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ sí i. Ìlà mẹ́ta péré ni.

Òǹkàwé yín,
Kubwa, Àbújá