Ta Ló Ń Jókòó Lé Ìwé Àǹfààní Àwọn Ọmọ Wa?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Inú ló ń bí mi tí mo fi mú gègé, mi ò sì ní fi bò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń ka físíìsì ní yunifásítì, wálé sí Kétu wa ní ilẹ̀ Benin. Ó yà sí ọ́fíìsì ìjọba kan láti gba òǹtẹ̀ sórí ìwé rẹ̀, ó wá rí bébà kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni ò lè tó o tí ilẹ̀kùn bá wà ní ṣíṣí. Ìkéde ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì òfuurufú ni, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà. Wọ́n á san owó bàálù, wọ́n á san owó ilé, wọ́n á tún fún ọmọ lówó oúnjẹ. Ọjọ́ tí wọ́n dá pé àwọn ò ní gba ìwé mọ́ ti kọjá. Bẹ́ẹ̀, òǹtẹ̀ tí ọ́fíìsì náà lù sí i lọ́jọ́ tó dé ọwọ́ wọn ṣì wà lókè ìwé náà gbangba: ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn kí àyè tó dí. Ọmọ náà béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kéde rẹ̀. Ẹni tó jókòó síbẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ta ló máa lọ síbẹ̀ láti Kétu?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí ju ti bébà lọ.

Ta ló máa lọ? Ẹgbẹ́ wọn níbòmíràn ń lọ! Ní 2017, sátẹ́láìtì kéékèèké tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Gáná, Nàìjíríà, Mongolia, Bangladesh àti Japan jọ kọ́ ní Kyushu Institute of Technology ní Japan gòkè lọ sí òfuurufú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju àpótí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, tó sì ga ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 11 lọ, ọwọ́ kan sì lè gbé e. Ti Gáná jẹ́ ti All Nations University ní Koforidua. Ti Nàìjíríà jẹ́ ti FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Àkúrẹ́. Àkúrẹ́ o, níbi tí ọmọ Kétu ti lè dé kó ná ọjà láìwá ògbufọ̀. Ní 2018, ó kan Yunifásítì Nairobi, nípasẹ̀ ètò tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé àti Japan jọ gbé kalẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé Gẹ̀ẹ́sì tí a ò gbọ́ ló dá wa dúró, kó wo Sẹ̀nẹ̀gà: Faransé ni wọ́n ń kà bíi tiwa, sátẹ́láìtì wọn àkọ́kọ́ gòkè ní oṣù kẹjọ 2024, Montpellier ní ilẹ̀ Faransé sì ni àwọn ọmọ wọn ti kọ́ iṣẹ́ náà.

Láti 1998 ni ibùdó ẹ̀kọ́ òfuurufú tó bá àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ṣe ti wà fún àwa tí a ń sọ Faransé, ní Rabat ní Morocco. Ti àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì wà ní Ilé-Ifẹ̀, Ifẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa ti ṣí wá tẹ Kétu dó. Ẹ bi àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì ìparí ní lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama wa, bóyá wọ́n gbọ́ orúkọ èyíkéyìí nínú méjèèjì rí. Mo ti bi wọ́n. Wọn ò gbọ́ ọ rí.

Àwọn baba wa mọ Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè odi Kétu, kí ọ̀tá má bàa wọlé. Àwọn tó wà nípò lónìí ń fi tiwọn dènà ọmọ ilé kó má bàa jáde. Wọ́n á gba ìwé, wọ́n á lu òǹtẹ̀, wọ́n á jókòó lé e. Tó bá jẹ́ ọmọ ẹni tí wọ́n mọ̀ ní Kùtọnu ni, á gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí ìwé dé. Ọmọ Kétu, ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, ọmọ Pọ́bẹ̀, ìgbà tí ilẹ̀kùn bá tì tán ni tiwọn.

Ohun kejì tún wà. Fọ́ọ̀mù àwọn àǹfààní wọ̀nyí sábà máa ń béèrè pé: kí ni ìwọ fúnra rẹ ti fọwọ́ ṣe rí? Ibẹ̀ ni ọwọ́ àwọn ọmọ wa ti máa ń dúró. Mo wọ yàrá ìdánwò sáyẹ́ǹsì kan lágbègbè wa, ẹ̀rọ tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi kó o wá.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí: kí ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbé èríà kalẹ̀, irú ọ̀pá tí rédíò fi ń gba ìgbì, kó lè máa gba àwòrán sátẹ́láìtì. Kì í ṣe iṣẹ́ olówó ńlá. Àwọn sátẹ́láìtì ojú ọjọ́ ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, Meteor-M, ń kọjá lórí wa lójoojúmọ́ ní òkè tó lé ní 800 kìlómítà, wọ́n sì ń fi àwòrán kùrukùru ránṣẹ́ lórí ìgbì rédíò 137.9 mẹ́gáháàtì fún ẹnikẹ́ni tó bá lè gbà á. Ọ̀pá alumíníọ̀mù méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 53, ni a ó so pọ̀ bíi lẹ́tà V tó ṣí sílẹ̀ ní díjírì 120, a ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbọọrọ lórí òpó, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí àríwá tàbí gúúsù. Wáyà á ti ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀rọ rédíò kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, tí kò wọ́n tó fóònù tuntun. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ ìgbì náà di àwòrán, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn atún-rédíò-ṣe tó wà lọ́jà Kétu lè jó wáyà yẹn pọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Láàárín bí ìṣẹ́jú 15 tí sátẹ́láìtì fi ń kọjá, ọmọ á rí àwòrán tó ń jáde ní ìlà kọ̀ọ̀kan: òkun, adágún Nokoué, òjò tó ń ṣú bọ̀ láti ìlà-oòrùn. Á mọ ìdí tí ìgbì náà fi ń yí bí sátẹ́láìtì ṣe ń sún mọ́ ọn tó sì ń jìnnà. Á mọ ohun tí ìṣirò igun wà fún. Kí Kétu ní ọ̀kan, kí Ṣábẹ̀ẹ́ ní ọ̀kan, kí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní ọ̀kan, kí wọ́n gba sátẹ́láìtì kan náà lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n sì fi àwòrán wéra. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ IMSP, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìṣirò àti físíìsì ní Dangbo, ò jìnnà sí Àjàṣẹ́, wọ́n lè wá là wọ́n lọ́yẹ. Ọmọ tó bá ti ṣe èyí fún ọdún kan á rí nǹkan kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí wọ́n máa ka ìkéde lórí rédíò àdúgbò ní èdè wa lọ́jọ́ tó bá dé. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ náà, ìdíje Space Apps ti NASA, àjọ òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kì í gba owó, kò sì nílò òǹtẹ̀ ọ́fíìsì kankan; ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí oṣù kẹwàá tó dé.

Èmi á ra ọ̀pá àti wáyà fún ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tó bá gbà láti bẹ̀rẹ̀ ní Kétu. Olùkọ́ físíìsì tó bá ṣe tán, kó kọ̀wé sí olóòtú, kí wọ́n fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́.

Èmi ni tiyín,
Òbí kan, Kétu