Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa kọ́ eré lórí ìtàgé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ìwé nìkan ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Àkúrẹ́ níbí ti ń bá eré oníṣe pàdé. Wọn a kà á, wọn a há orúkọ ẹ̀dá ìtàn sórí, wọn a dáhùn ìbéèrè ìdánwò, ó parí. Èyí ń dùn mí gan-an.

Ọmọ tí ó ń múra láti ṣe ọba lórí ìtàgé gbọ́dọ̀ mọ ibi tí yóò dúró kí ó má baà bo ẹlòmíràn mọ́lẹ̀, kí ó gbé ohùn sókè tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn pátápátá yóò fi gbọ́, síbẹ̀ kí ó má pariwo. Ọmọ tí ojú ń tì náà kò ní ṣàìríṣẹ́ ṣe: òun ni ó lè di ìwé eré mú lẹ́yìn aṣọ ìkélé, tí yóò máa fi ohùn jẹ́jẹ́ rán ẹni tí ó bá gbàgbé ọ̀rọ̀ létí.

Àwọn òbí kan ń bẹ̀rù pé eré kò lè bọ́ ènìyàn. Hubert Ògúndé ti ṣe olùkọ́, ó ti ṣe ọlọ́pàá, kí ó tó sọ eré di iṣẹ́ òòjọ́. Ẹgbẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní 1945 ni ọ̀pọ̀ òṣèré Yorùbá tẹ̀lé ipasẹ̀ rẹ̀.

Mo bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó kí wọ́n ya ọ̀sán kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ìfidánrawò eré, kí wọ́n sì dá àwọn olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń darí rẹ̀.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Àkúrẹ́.