Ẹ wo páwà páàkì kí ẹ tó wo iná aláràbarà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Sápọ̀n, l'Abẹ́òkúta níbí, ó sì ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti ń ṣe é. Ohun tó mú mi gbé gègé ni àwọn òbí tó ń gbé kọ̀ǹpútà gémù wá bá mi, tí kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n rà á, tó ti ń rùn bíi wáyà tó jóná. Ọ̀rọ̀ páwà páàkì, àpótí tó ń pín iná fún gbogbo inú kọ̀ǹpútà, ló ń dùn mí. Mo ti ń sọ ọ́ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan tipẹ́, àmọ́ ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán ni wọ́n máa ń dé ọ̀dọ̀ mi.

Lóṣù tó kọjá, ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú gbé ọ̀kan wá. Owó àjọ tó kó ló fi rà á fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, torí ó ti ṣèlérí fún un pé bó bá yege WAEC, òun á rà á. ₦430,000 ni wọ́n san. Kẹ́ésì náà lẹ́wà lóòótọ́: gíláàsì ní ẹ̀gbẹ́ kan, fáànù mẹ́rin tó ń tan iná pupa, búlúù àti àwọ̀ ewé. Lálẹ́ ọjọ́ kan ni NẸ́PÀ mú iná lọ, tí wọ́n sì dá a padà lójijì. Ó dún gbàà, èéfín sì yọ lẹ́yìn rẹ̀. "Injiníà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Owó ọlọ́dún kan ni mo kó síbẹ̀." Ohun tí màmá náà wí nìyẹn, ó sì dìde dúró títí mo fi tú u tán.

RX 580 ni graphics card rẹ̀ (káàdì tó ń gbé àwòrán gémù jáde), pírósẹ́sọ̀ rẹ̀ (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) jẹ́ i5-6500, RAM 8GB ẹyọ kan (ìrántí tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́), SSD kékeré kan (ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí). N kò rí èyí tó burú nínú wọn. Àmọ́ nígbà tí mo yọ páwà páàkì jáde, ọwọ́ mi ti mọ̀ kí ojú mi tó rí i. Ó fúyẹ́ bíi páálí bisikíìtì tí wọ́n ti jẹ tán. Wọ́n kọ 500W gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo pe ọmọ náà, mo fi ìlà tó-tò-tó kan hàn án nísàlẹ̀ ibẹ̀: +12V, 16A. Mo ní kó fi fóònù rẹ̀ ṣírò 12 lọ́nà 16. Ó jẹ́ 192: wáàtì (W) 192 péré ló lè gbé jáde lójú 12V, kì í ṣe 500.

Ojú 12V yẹn ni pírósẹ́sọ̀ àti graphics card ti ń jẹun. RX 580 nìkan lè jẹ 185W, pírósẹ́sọ̀ yẹn 65W. Ó ti di 250 kí a tó ka fáànù mẹ́rin tó ń tanná. Ọmọ náà wo fóònù, ó wo páwà páàkì, kò sọ nǹkan kan.

Mo ṣí inú rẹ̀. Capacitor méjì (èròjà kékeré tó ń tọ́jú iná) ti wú lórí, bí ìdérí agolo tòmátì tó ti bàjẹ́. Lẹ́nu ibi tí iná ti ń wọlé, níbi tó yẹ kí wọ́n to àwọn kọ́ìlì tó ń sẹ́ iná sí, òfìfo ni; wáyà tín-ínrín méjì ni wọ́n fi so ó kọjá. Ẹni tó ya bọ́ọ̀dù náà fi àyè sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tó ṣe é ló yọ wọ́n kúrò kó lè ta ọjà ní pọ́ọ́kú. Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Iná tó bá ń ṣẹ́jú bíi tiwa níbí kò ní pẹ́ wó irú èyí, kò sì dá nìkan kú, ó mú mọ́dàbọ́ọ̀dù, pákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà so mọ́, lọ. Orí ló yọ graphics card.

Ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi owó yín rà á, páwà páàkì ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Gbogbo ẹni tó ń wá sọ́dọ̀ mi ló ń béèrè pé GB mélòó ni graphics card, ẹyọ ẹnì kan kì í bi mí nípa ibi tí oúnjẹ rẹ̀ ti ń wá. Ẹ wá èyí tó wúwo lọ́wọ́, 450W tàbí 550W, tí ìṣirò 12V rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye tí wọ́n kọ gàdàgbà. Àmì 80 Plus dára, ó túmọ̀ sí pé ó kéré tán ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún iná tó ń fà ló ń dé inú ẹ̀rọ, ooru sì ni ìyókù ń dà. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tó ń tẹ àmì náà fúnra wọn. Ẹ ṣírò.

Bí owó kò bá tó, ohun tí mo ṣe fún ìyá náà ni kí ẹ ṣe. Ẹ ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí wọ́n ti lò ní ọ́fíìsì. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dẹ́kun títún Windows 10 ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bó ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, àwọn pírósẹ́sọ̀ bíi i5-6500 kò sì sí lára èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún Windows 11. Àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun wá ń kó irú wọn dànù. A ta RX 580 náà, a ra Dell OptiPlex 7040 onígíga. 240W péré ni páwà páàkì rẹ̀, àmọ́ 240W òótọ́ ni. Graphics card GTX 1650 tí kò nílò wáyà lọ́tọ̀ la fi sí i: 75W ló ń jẹ, ihò orí mọ́dàbọ́ọ̀dù sì ló ń fún un ní gbogbo rẹ̀. (Àwọn GTX 1650 kan ní ihò wáyà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.) A kó RAM àti SSD àtijọ́ sínú rẹ̀, a fi RAM 8GB kejì kún un, torí ẹyọ méjì tó ń jọ ṣiṣẹ́ sàn ju ẹyọ kan lọ. Ẹ má ra OptiPlex pẹlẹbẹ o, graphics card kúkúrú nìkan ló ń gbà, ó sì wọ́n. Wáyà Dell wọ̀nyí kì í sì í ṣe oníhò 24 tí a mọ̀, nítorí náà ẹ má rò pé ẹ ó kàn pààrọ̀ páwà páàkì rẹ̀ lọ́la. GTA V ń lọ geere lórí rẹ̀. Àmọ́ Valorant ń béèrè TPM 2.0 àti Secure Boot (ètò ààbò inú kọ̀ǹpútà) lórí Windows 11, bẹ́ẹ̀ irú pírósẹ́sọ̀ yìí kò sí lára èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún un. Ẹ bi ọmọ yín pé gémù wo ló fẹ́ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú graphics card pẹ̀lú. Wọ́n ń mú káàdì àtijọ́, GTX 550 Ti, wọ́n á yí orúkọ inú rẹ̀ padà sí GTX 1050 Ti. Bí ẹ bá rí ihò VGA aláwọ̀ búlúù lẹ́yìn ohun tí wọ́n ní ó jẹ́ 1050 Ti, ẹ fura. Ọ̀fẹ́ ni GPU-Z, ètò kọ̀ǹpútà tó ń sọ irú graphics card tó wà nínú ẹ̀rọ. Bó bá jẹ́ ayédèrú, ó sábà máa ń kọ FAKE síwájú orúkọ rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ tuntun, pírósẹ́sọ̀ Ryzen 5 5600G ni mo máa ń sọ fún un. Graphics ti wà nínú rẹ̀, gémù bọ́ọ̀lù ń lọ dáadáa lórí rẹ̀, iná tó ń jẹ kò pọ̀, ó sì lè ra graphics card lọ́jọ́ iwájú. Ẹ rántí iná pẹ̀lú: kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 250W yóò jẹ yúnítì kan láàárín wákàtí mẹ́rin, ₦225 sì ni yúnítì Band A nígbà tí wọ́n fi owó kún un lóṣù kẹrin ọdún 2024.

Mo bẹ àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí oníbàárà tan ẹ̀rọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pẹ̀lú gémù lórí rẹ̀ kó tó sanwó. Ẹ kọ iye 12V sínú rìsíìtì. Ẹni tí kò bá sì mọ bí a ṣe ń ka ara páwà páàkì, kó gbé e wá bá mi ní Sápọ̀n. N kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Atúnkọ̀ǹpútàṣe kan, Abẹ́òkúta.