Lẹ́tà táàmù tuntun sí ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa

Ẹ̀yin òbí wa,

Ẹ kú ìnáwó ọmọ, ẹ kú ìmúra súkúù. Ọ̀rọ̀ owó àti ìwé ti wà nínú bébà kejì tá a fi ránṣẹ́, mi ò ní tún un sọ. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ ni bí àwa, ẹ̀yin àti ará àdúgbò ṣe máa jọ mójú tó àwọn ọmọ wa.

Ní táàmù tó kọjá, màmá tó ń ta ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ gèétì wa ló pe tíṣà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ọmọ JSS 2 kan wà tí kì í ra nǹkan kan mọ́, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ bá ń jẹun, omi ló máa ń mu ní tiẹ̀, á wá lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì. A wádìí, àṣé ìyá ọmọ ti wà lórí àìsàn, ìyá àgbà tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ ń tijú àtisọ. Màmá onírẹsì ò gbowó lọ́wọ́ ọmọ yẹn títí a fi gba họ́lídè.

Ẹ wá gbọ́ èkejì. Mẹkáníìkì kan rí méjì nínú àwọn ọmọ wa pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù níwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, aago mẹ́wàá àárọ̀ o, ó kó wọn padà wá fún wa. Dípò kí òbí ọ̀kan dúpẹ́, ńṣe ló lọ ká baba mẹkáníìkì náà mọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, "ṣé ìwọ lo bá mi bí i ni?" Ẹ jọ̀ọ́! Òfin ò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ta tẹ́tẹ́, àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ ọmọ ló yẹ ká gbéná wojú wọn. Ní báyìí baba yẹn ní tóun bá tún rí ọmọ, òun á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni, gbogbo ọmọ tó kù ló wá fara gbá a.

Mi ò ní kí ará àdúgbò máa na ọmọ yín o, kí wọ́n pè yín tàbí kí wọ́n pè wá, ó parí. Mi ò sì ní kẹ́ ẹ fi ọmọ lé gbogbo ẹlẹ́rìn-ín lọ́wọ́, ọlọ́kadà tó ń gbé ọmọbìnrin lọ́fẹ̀ẹ́, "àǹkù" tó ń fún ọmọ ní fóònù, ẹ wádìí irú wọn dáadáa.

Tẹ́ ẹ bá rí ọmọ tó ń kiri ọsàn lásìkò súkúù, ẹ bi í pé ta ló ni í, ẹ má kàn ra ọsàn kẹ́ ẹ máa lọ, torí òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ọdún 2004 ti sọ ọ́ di dandan kí ọmọ kàwé láti práímárì 1 dé JSS 3.

Ẹ tún bá wa kọ nọ́ńbà aládùúgbò kan tẹ́ ẹ fọkàn tán sínú fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ tíṣà kíláàsì, ọmọ á ní ibà, fóònù ìyá á ti kú lọ́jà, ti bàbá ò ní wọlé, kí la fẹ́ ṣe?

Mítìǹgì PTA máa wáyé ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá. A ti pe baba mẹkáníìkì náà wá, òbí tó lọ bá a jà, ẹ̀yin náà ẹ wá o, a ti fi àga yín sílẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ọ̀gá àgbà súkúù