Mo Ti Ń Rí Ipasẹ̀ Ìyá Aláró

Ẹ̀bútè Mẹ́ta, Èkó

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú òtútù ìlú ọ̀hún o. Àwọn ìbejì ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Ṣé Táyé ti ń jẹun dáadáa báyìí, àbí Kẹ́hìndé ṣì ni ó ń bá a jẹ tirẹ̀ mọ́ tara rẹ̀?

Má bínú pé mi ò tètè fèsì. Láti ìgbà tí a ti sin Bọ̀dá wa àgbà ni mi ò ti ráyè ara mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀fọ̀ ni mò ń ṣe látọjọ́ yìí. Àpótí páànù kan ni a bá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Bíbélì tí èèpo rẹ̀ ti já wà nínú rẹ̀, àti ìwé ilẹ̀ kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin, pẹ̀lú fọ́tò obìnrin kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò mọ̀. Àwọn yòókù ń jà sí ìwé ilẹ̀. Èmi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n wo ohun tí wọ́n kọ sí i kí wọ́n tó fà á ya.

O rántí Ìyá Aláró tí bàbá mi máa ń fi bá wa wí nígbà tí o bá wá sílé wa? "Ìyá Aláró ò ṣe ọ̀lẹ báyìí." Òun ló bí bàbá tó bí bàbá bàbá mi. Mo ti dàgbà kí n tó rí i pé gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ò ju pé kì í ṣe ọ̀lẹ lọ.

Bíbélì ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ojú ewé òfìfo iwájú ni wọ́n kọ ìbí àwọn ọmọ ilé sí, láti orí àkọ́bí Ìyá Aláró wá. Inú mi dùn, mo rò pé ọ̀rọ̀ bùṣe. Nígbà tí mo farabalẹ̀, mo rí i pé yíǹkì kan náà ni, ọwọ́ kan náà ni, kò síbi tí gègé ti sinmi. Ẹnì kan jókòó lọ́jọ́ kan, ó kọ gbogbo rẹ̀ tán. Odindi Bíbélì Yorùbá kò sì jáde títí di 1884. Ìwé tí kò tíì dáyé, báwo ni yóò ṣe wà níbi ìkómọ ọmọ tí wọ́n bí ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú rẹ̀? Ohun tí wọ́n rántí ni wọ́n kọ síbẹ̀. Mi ò sọ pé irọ́ ni o, ṣùgbọ́n mo dẹ́kun fífi í búra.

Ohun tí wọ́n kọ síwájú orúkọ àkọ́bí náà rèé: "ọdún ogun Dàhómì." Èwo nínú rẹ̀? Ẹ̀ẹ̀mejì ni Dàhómì wá ja Abẹ́òkúta, ní 1851 àti 1864, ẹ̀ẹ̀mejèèjì náà ni wọ́n sì padà lọ́wọ́ òfo. Ọdún mẹ́tàlá ló wà láàárín méjèèjì, ìyẹn sì tó sọ ìyá di ọmọ. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Àǹtí wa àgbà, ẹni tí ojú ò ríran mọ́ àmọ́ tí ẹnu ò gbàgbé nǹkan kan. Ó ní ohun tí wọ́n sọ fún òun ni pé Ìyá Aláró wà nínú oyún, tó ń gún èlú lọ́wọ́, nígbà tí ariwo ta láti ẹnu odi pé obìnrin ni àwọn tó ń bá wa jà, pé ìgbà tí wọ́n tú ẹnì kan tí wọ́n mú láṣọ ni wọ́n rí ọmú láyà rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, mo fò sókè! Ogun 1851 ni ìyẹn. Ogun yẹn ni àwọn Ẹ̀gbá ti ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé obìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú jagunjagun Dàhómì, tí inú sì bí wọn débi pé wọ́n tún ara mú. Nígbà tó fi máa di 1864, ta ni kò tíì mọ̀? Kò sẹ́ni tó máa pariwo ìyẹn mọ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi pa ọmọ lẹ́rìn-ín nínú iyàrá ló fún mi ní ọdún tí Bíbélì ò lè fún mi.

Ibi tó wá dùn jù nìyí. Àwọn ọkùnrin ilé wa gbà pé abẹ́ Olúmọ ni wọ́n bí Ìyá Aláró sí, pé ọmọ Aké pọ́ńbélé ni. Ó wù wọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwa obìnrin ilé bá kúnlẹ̀ kí Àǹtí láàárọ̀, ohun tó máa fi ń kì wá ni "ọmọ Àṣàkẹ́, ọmọ Asunkúngbadé." Àṣàkẹ́ ni oríkì Ìyá Aláró. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré, mi ò rò ó rí. Ta ló ń jẹ́ Asunkúngbadé bí kò ṣe Olówu àkọ́kọ́? Òwu ni Ìyá Aláró! Àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, àwọn Òwu tí ogun ti tú ìlú wọn ká kò sì dé bá wọn títí di nǹkan bí 1834. Bí ó bá wà nínú oyún àkọ́kọ́ ní 1851, tí a fún un ní ọmọ ogún ọdún tàbí kí ó dín díẹ̀, á jẹ́ pé orí ìrìn ni wọ́n bí i, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ ló sì gbé wọ Abẹ́òkúta. Mo sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìpàdé ẹbí. Ọ̀kan nínú àwọn bọ̀dá bi mí bóyá mo fẹ́ sọ wọ́n di àlejò nílé bàbá wọn ni. Mo dákẹ́, àmọ́ Àǹtí ni mo gbà gbọ́. Oríkì kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń yí nítorí ìpàdé ẹbí.

Ọmọ mi ọkùnrin ní kí n tutọ́ sínú ìgò kí n fi ránṣẹ́ sí Amẹ́ríkà, pé wọ́n á sọ ibi tí mo ti wá fún mi. Mo ní kí ó fowó yẹn ra yíǹkì.

Bí Ìyá Aláró ṣe dé Ẹ̀bútè Mẹ́ta kò ṣòroó mọ̀. Ìfọ́lé ni, oṣù kẹwàá 1867, nígbà tí wọ́n kó ṣọ́ọ̀ṣì ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì, tí ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ sì tẹ̀ lé wọn sá wá sí Èkó. Glover, olórí ìjọba òyìnbó ní Èkó nígbà náà, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gòlóbà, ló fún wọn nílẹ̀ níbí. Ìtàn ilé ní ó ru ìkòkò aró wá. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ta ni yóò ru ìkòkò aró láti Abẹ́òkúta? Lẹ́yìn náà ni mo rántí odò Ògùn. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n wọ̀, kí ló dé tí ìkòkò ò fi ní bá wọn wọ̀ ọ́?

Mo lọ wo ìwé ìrìbọmi ní ìjọ kan, mo ń wá Sárà, orúkọ ìrìbọmi Ìyá Aláró. N kò ní dárúkọ wọn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni akọ̀wé wọn ní kí n padà wá. Sárà mẹ́ta ni mo bá lójú ewé kan ṣoṣo, "aya" lágbájá, "ìyá" tàmẹ̀dù, kò sí oríkì ẹnì kankan níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ó sì lè má sí níbẹ̀ rárá. Inú bí mi, Ìyá Ìbejì. Wo Àfálà, ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. A mọ̀ pé ní 1846 ni òun àti ọmọ rẹ̀ tún fojú kan ara wọn ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn ọdún márùn-dín-lọ́gbọ̀n tí wọ́n ti kó wọn lẹ́rú ní Òṣogùn, a mọ̀ pé 1848 ló ṣèrìbọmi tó sì di Hánnà. Kí ló fà á tí a fi mọ̀? Ọmọ tó bí ń kọ̀wé ni. Ọmọ tí Ìyá Aláró bí, káfíńtà ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ilẹ̀ yẹn. Orúkọ ọmọ ló gba gbogbo ojú ewé. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, láàárín àwọn ẹlẹ́rìí, akọ̀wé kọ "Ashakeh," bí etí rẹ̀ ṣe gbọ́ ọ, ó sì fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nínú àyè yẹn ni Ìyá Aláró ti fọwọ́ ara rẹ̀ fa àgbélébùú kékeré kan. Ìlà kan gùn ju èkejì lọ, yíǹkì sì tàn díẹ̀ níbi tó ti tẹ̀ ẹ́ jù. Mo fi ìka mi lé e. Mi ò lè sọ bó ṣe rí lára mi, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ kí o bá mi ṣe.

Ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS, ẹgbẹ́ ìjọ Áńgílíkà tó rán wọn wá, wà ní Yunifásítì Birmingham, nítòsí rẹ níbẹ̀. Àwọn tó wà ní Abẹ́òkúta nígbà náà, Townsend ní Aké, Crowther ní Ìgbẹ̀ìn, máa ń kọ ìròyìn ọjọ́ dé ọjọ́ ránṣẹ́ sí London, wọ́n sì máa ń sọ nípa àwọn tó ń bọ̀ wá gba ìrìbọmi. Bá mi wo ti 1848 sí 1860. Má wá Sárà, wọ́n pọ̀ jù. Wá aláró, wá ọmọ Òwu, wá ìyàwó kékeré tó gbé ọmọ kan lọ́wọ́ lẹ́yìn ogun Dàhómì. Bí wọ́n bá gbà kí o ya fọ́tò, yà á, bí wọn ò bá gbà, dà á kọ bó ṣe wà gan-an, má bá wọn tún sípẹ́lì ṣe. Pẹ́ńsù ni kí o mú lọ. Nígbà tí mo lọ sí ilé ìkówèé ìtàn pamọ́ ti ìjọba nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ńṣe ni wọ́n gba bírò mi lẹ́nu ọ̀nà.

Mo fi fọ́tò àmì ọwọ́ rẹ̀ sínú lẹ́tà yìí. Ti obìnrin tí a ò mọ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Fi í han Kẹ́hìndé kí o bi í bóyá iwájú orí rẹ̀ kò jọ tèmi, torí ọmọdé kì í ṣojú ayé.

Èlùbọ́ rẹ ti wà nínú àpò, ẹni tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀ ni mo ń dúró dè.

Èmi ni tìrẹ,
Ìyá Bọ̀dé